Àmì mélòó ló tó fún ọ̀pá yáàdì?

Ìbéèrè: "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mò ń tà ní Sábó, ní Ìkòròdú níbí. Ọ̀pá yáàdì tí mo ń lò ti gbó, púpọ̀ nínú àmì ìǹṣì ara rẹ̀ ti pa rẹ́. Mo fẹ́ kí káfíńtà bá mi gé òmíràn, ni ọmọ mi tó ń kàwé ní LASUSTECH bá ní kí n má wulẹ̀ jẹ́ kó fa àmì 37 sí i. Ó ní àmì 10 péré ti tó láti wọn ìǹṣì 1 títí dé 36. Mo ní irọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni, àti pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti to àmì náà. Ẹ bá wa dá sí i. Ṣé 10 tó lóòótọ́? Ṣé kò lè dín sí i? Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà? Téèpù ìránṣọ ńkọ́?"

Ìyá Aṣọ, ẹ kú ọjà o, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ọmọ yín ló jàre. Àmì 10 tó, 9 kò lè tó láé, bí a sì ṣe máa to mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò ju ọ̀nà kan lọ. Àwọn àmì náà rèé, tí ẹ bá kà á ní ìǹṣì láti etí ọwọ́ òsì:

0, 1, 3, 6, 13, 20, 27, 31, 35, 36

Etí ọ̀pá méjèèjì ni 0 àti 36, nítorí náà ìlà 8 péré ni káfíńtà máa fà sáàárín.

Ohun tó jẹ́ kó dà bí irọ́ létí yín ni pé ó ti mọ́ wa lára láti máa wọn nǹkan láti etí ọ̀pá. Bí a bá ń bẹ̀rẹ̀ láti etí nígbà gbogbo, òótọ́ lẹ sọ: ìlà kan, ìwọ̀n kan, a ò sì lè yọ ọ̀kankan kúrò. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí aṣọ bẹ̀rẹ̀ láti etí? Ẹ fi etí aṣọ lé ìlà 27, kí ẹ nà án dé 36, ìǹṣì 9 nìyẹn, ìdá mẹ́rin yáàdì. Láti 13 dé 31 jẹ́ 18, àbọ̀ yáàdì. Ẹ fẹ́ 25? Láti 6 dé 31 ni. 17 ńkọ́? Láti 3 dé 20. 22 wà láàárín 13 àti 35, 28 wà láàárín 3 àti 31. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ 1 dé 36 sílẹ̀, kí ẹ máa fagi lé èyí tí ẹ bá ti rí. Kò sí ọ̀kan tó máa ṣẹ́ kù.

Àmì 10, bí a bá mú wọn ní méjì-méjì, ìsopọ̀ 45 ló wà nínú wọn. Ìwọ̀n 36 là ń wá, nítorí náà ìsopọ̀ 9 ló jẹ́ àṣetúnṣe. Ìǹṣì 7 fara hàn lẹ́ẹ̀mẹta, láti 6 dé 13, láti 13 dé 20 àti láti 20 dé 27. Ìwọ̀n 1, 3, 4, 5, 14, 30 àti 35 fara hàn lẹ́ẹ̀mejì-méjì. Àwọn tó kù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n wà lára ọ̀pá náà. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ àṣetúnṣe yìí, òun ló máa ṣàlàyé ìdí tí iye ọ̀nà fi kéré tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ 9 ló dùn mọ́ mi jù nínú ìbéèrè yín, nítorí ẹ̀rí rẹ̀ kò gba kọ̀ǹpútà, kò gba yunifásítì. Àmì 9 ní ìsopọ̀ méjì-méjì mélòó? Àmì àkọ́kọ́ máa bá 8 tó kù so, èkejì máa bá 7 so, bẹ́ẹ̀ ni títí dé 1. Ẹ ro 8, 7, 6, 5, 4, 3, 2 àti 1 pọ̀, ó di 36. Ìwọ̀n tí a ń wá náà, 36 ni! Ẹni tó bá dé ibí á rò pé òun ti rí i, pé ó ṣe rẹ́gí, pé àmì 9 máa ṣe é láìsí ẹyọ ìsopọ̀ kan tó ṣòfò. Ṣíṣe tó ṣe rẹ́gí yìí gan-an ló bà á jẹ́.

Ìdí rèé. Tí ìsopọ̀ 36 bá ní láti mú ìwọ̀n 36 wá, kò gbọdọ̀ sí ìsopọ̀ méjì tó mú ìwọ̀n kan náà wá. Láàárín àmì 9, àlàfo 8 ló wà. Àwọn àlàfo wọ̀nyí náà jẹ́ ìwọ̀n, nítorí náà gbogbo wọn gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra, àròpọ̀ wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 36. Nọ́ńbà 8 tó yàtọ̀ síra tí àròpọ̀ wọn kéré jù lọ ni 1, 2, 3, 4, 5, 6, 7 àti 8, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 36 gẹ́lẹ́. Kò sí àyè fún òmíràn. Àwọn ni àlàfo wa, ètò tí wọ́n máa gbà tẹ̀ lé ara wọn nìkan ló kù.

Ẹ wá wo àlàfo 1. Ta ló lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Bí 2 bá wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì pọ̀ di 3, bẹ́ẹ̀ 3 ti wà gẹ́gẹ́ bí àlàfo. Bí 3 bá wà níbẹ̀, ó di 4, 4 náà ti wà. Bẹ́ẹ̀ ló máa rí títí dé 7. Àfi 8 nìkan: 1 àti 8 di 9, kò sì sí àlàfo 9. Nígbà tó jẹ́ pé 8 nìkan ló lè jẹ́ aládùúgbò 1, tí 8 kò sì ju ẹyọ kan lọ, a jẹ́ pé etí ọ̀pá ni 1 wà, 8 ló sì tẹ̀ lé e. Ó ku àlàfo 2. Bí ó bá bá nọ́ńbà tó kéré sí 7 ṣe aládùúgbò, àròpọ̀ wọn kò ní kọjá 8, á sì di àṣetúnṣe. Bí ó bá bá 7 ṣe é, ó di 9, bẹ́ẹ̀ 1 àti 8 ti mú 9 lọ. Àfi 8 náà ló kù fún un. Nítorí náà 2 náà wà létí, ní òdìkejì 8. Ọ̀pá wa wá di 1, 8, 2, ó parí, ìǹṣì 11 péré. Níbo la máa wá fi 3, 4, 5, 6 àti 7 sí?

Bí ọ̀rọ̀ 9 ṣe parí nìyẹn. Ẹ̀rí yìí kò sì dúró sórí 9 nìkan. Iye àmì yòówù kí ẹ mú, bí ẹ bá ní kí ìsopọ̀ kankan má ṣòfò, ìtàn kan náà ni: 1 ní ẹ̀gbẹ́ kan àlàfo tó tóbi jù, 2 ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀pá parí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà nígbà tí àlàfo tó tóbi jù bá jẹ́ 3, torí 1, 3, 2 ni gbogbo àlàfo tó wà nígbà náà. Ọ̀pá ìǹṣì 6 nìyẹn, àmì rẹ̀ jẹ́ 0, 1, 4, 6. Òun ni ọ̀pá tó gùn jù tí kò ní àṣetúnṣe kankan tí kò sì fo ìwọ̀n kankan. Gbogbo èyí tó gùn jù ú lọ, ó ní láti gba àṣetúnṣe díẹ̀ mọ́ra.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí kíka iye ọ̀nà, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀yin àti ọmọ yín ti ń ṣe àríyànjiyàn. N kò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 36. Ẹ jẹ́ ká mú ìdá mẹ́rin yáàdì, ìǹṣì 9, ká fọwọ́ kà á tán níbí.

Àmì 4 kò lè tó fún ìǹṣì 9, nítorí ìsopọ̀ 6 péré ló ní. Ẹ jẹ́ ká wo 5. 0 àti 9 ti wà létí, àmì 3 ló kù láti yàn. Ìwọ̀n tó gùn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìwọ̀n tó gùn kì í ní ibi púpọ̀ tó lè fara pa mọ́ sí. Ìwọ̀n 8: ó lè jẹ́ láti 0 dé 8, tàbí láti 1 dé 9, kò sí ibòmíràn. Nítorí náà 1 tàbí 8 gbọ́dọ̀ wà lára ọ̀pá. Ṣé àwọn méjèèjì lè wà pọ̀? Bí 0, 1, 8, 9 bá ti wà, ìwọ̀n 1, 7, 8 àti 9 la ní, ó ku 2, 3, 4, 5 àti 6. Àmì kan ṣoṣo ló kù láti fi sí i, àmì kan kò sì lè bá àwọn mẹ́rin tó wà nílẹ̀ ṣe ju ìwọ̀n tuntun 4 lọ. Márùn-ún là ń wá. Kò ṣeé ṣe. Ọ̀kan nínú 1 àti 8 ló máa wà, bó bá sì jẹ́ 8, ẹ yí ọ̀pá padà kí etí ọ̀tún di òsì, ó di 1. Ẹ jẹ́ ká fi 1 ṣe é, ká rántí pé ọ̀pá kọ̀ọ̀kan tí a bá rí ní ẹnìkejì tó yí padà.

Ó kan ìwọ̀n 7. Láti 0 dé 7, láti 1 dé 8, tàbí láti 2 dé 9. A ti lé 8 lọ, nítorí náà 7 tàbí 2 ni.

Bí ó bá jẹ́ 7, a ní 0, 1, 7, 9. Ìwọ̀n 1, 2, 6, 7, 8, 9 ti wà, ó ku 3, 4 àti 5. Ẹ dán àmì tó kù wò ní 2, 3, 4, 5 àti 6: 2 kò mú 3 wá, 3 kò mú 5 wá, 5 kò mú 3 wá, 6 kò mú 4 wá. 4 nìkan ló mú gbogbo wọn wá. Ọ̀pá kan: 0, 1, 4, 7, 9.

Bí ó bá jẹ́ 2, a ní 0, 1, 2, 9. Ìwọ̀n 1, 2, 7, 8, 9 ti wà, ó ku 3, 4, 5, 6. Ẹ dán an wò bákan náà, 6 nìkan ló yè: láti 0 dé 6, láti 1 dé 6, láti 2 dé 6, láti 6 dé 9. Ọ̀pá kejì: 0, 1, 2, 6, 9.

Ó parí. Ọ̀nà 2 ni, tàbí 4 bí ẹ bá ka àwọn tí a yí padà mọ́ ọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé a ò dán gbogbo ọ̀nà tó wà láyé wò. Ìwọ̀n gígùn la fi ń béèrè ọ̀rọ̀, tí ẹ̀ka kan bá sì ti gbẹ, a ò tún ní gun òkè rẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà ka ti 36, ẹ̀ka rẹ̀ ló pọ̀. Ẹ fẹ́ yan àmì 8 láàárín 35, ọ̀nà láti yàn wọ́n jẹ́ 23,535,820. Kò sí ẹ̀dá tó máa jókòó sí Sábó fọwọ́ ka ìyẹn, ṣùgbọ́n kékeré ni lójú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ọmọ yín máa yẹ gbogbo rẹ̀ wò kí ẹ tó jẹun tán, láìgé ẹ̀ka kankan. Bó bá sì ń gé ẹ̀ka bí a ṣe ṣe lókè, iṣẹ́ náà tún máa kéré sí i: ìwọ̀n 35 ní kí 1 tàbí 35 wà, a fi 1 ṣe é; ìwọ̀n 34 ní kí 2, 34 tàbí 35 wà; bẹ́ẹ̀ ló ń lọ, níbikíbi tí àmì tó kù kò bá sì ti lè pèsè iye ìwọ̀n tó ṣẹ́ kù, a gé e dànù. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ka bá gbẹ tán, ọ̀pá 2 ló máa ṣẹ́ kù, ìkejì sì ni àkọ́kọ́ tí a yí padà. Ìyẹn ni ọmọ yín fi ní ọ̀nà kan ṣoṣo ni. Mo rọ̀ ọ́ kó kọ ìlànà náà fúnra rẹ̀, kó má ṣe gba ti èmi tàbí ti ẹnikẹ́ni gbọ́ lásán. Irú ìdánilójú tó wà nínú ẹ̀rí àmì 9 yàtọ̀ sí irú èyí: ti 9, ẹ rí ìdí rẹ̀, ti ọ̀nà kan ṣoṣo, kíkà la kà á. Lójú tèmi, a ò tíì rí àlàyé tó fi ìdí èyí hàn bí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kíkà tó pé pérépéré jẹ́ ẹ̀rí.

Ẹ lè máa rò ó pé bí ọ̀pá bá ṣe ń gùn, ọ̀nà láti to àmì rẹ̀ á máa pọ̀ sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ohun tó mú kí kíkà yìí wù mí nìyẹn. Ẹ wo àwọn tó ń lo àmì 8. Láti ìǹṣì 18 ni 8 ti di dandan, nítorí àmì 7 kò kọjá 17. Ní 18, ọ̀pá 500 ló wà, bí a bá ka àwọn tí a yí padà mọ́ ọn. Ní 19, ó di 326. Ní 20, 150. Ní 21, 66. Ní 22, 18. Ní 23, ó ku 4 péré. Ní 24, àmì 8 kò tó mọ́, a gba 9, iye ọ̀pá sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà di 944. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, títí ó fi ku 6 ní ìǹṣì 29, níbi tí agbára àmì 9 parí sí.

Ọ̀rọ̀ àṣetúnṣe tí mo ní kí ẹ rántí ló fà á. Àmì 8 ní ìsopọ̀ 28. Ní ìǹṣì 18, ìsopọ̀ 10 ló lè ṣòfò láìsí ewu, àyè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò. Ní 23, 5 péré ló lè ṣòfò, ìdè wá fún. Ní 24, ẹ ti ra àmì tuntun, ìsopọ̀ di 36, 12 lè ṣòfò, àyè ti ṣí padà. Ọ̀pá tó wà ní ìparí ìsọ̀kalẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí iye àmì rẹ̀ kò lè dín sí i, tí iye àmì kan náà kò sì lè gbé èyí tó gùn jù ú lọ, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní èyí tó dé góńgó. Góńgó àmì 4 ni ìǹṣì 6, ti 5 ni 9, ti 6 ni 13, ti 7 ni 17, ti 8 ni 23, ti 9 ni 29, ti 10 ni 36. Yáàdì yín bọ́ sórí góńgó gan-an! Ẹni tó pín yáàdì sí ìǹṣì 36 kò mọ̀ pé òun ń ṣe èyí. Ká ní yáàdì jẹ́ 37, àmì 11 ni ẹ̀ bá lò, ọ̀nà láti tò ó ìbá sì ti ju 1,000 lọ.

Ẹ tún wo àlàfo tó wà nínú ọ̀pá yín: 1, 2, 3, 7, 7, 7, 4, 4, 1. Ẹ yọ 7 kan kúrò, ó di ìǹṣì 29 pẹ̀lú àmì 9, ó pé. Ẹ fi 7 kan kún un, ó di 43 pẹ̀lú àmì 11, ó pé, góńgó sì ni òun náà, ọ̀nà rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan bíi ti 36. Ẹ tún fi 7 mìíràn kún un, 50 pẹ̀lú àmì 12. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Wichmann ló gbé ìlànà yìí jáde ní 1963, kì í sì í ṣe fún 7 nìkan. Bí ọ̀pá bá gùn gan-an, ẹ ó pa àárín tó jẹ́ 7 tì, ẹ ó gba 11: 1, 1, 3, 5, 5, 11, 11, 11, 6, 6, 6, 1, 1. Ìyẹn jẹ́ 68, àmì 14, góńgó ni.

Ní àmì 13, ìlànà Wichmann dúró sí 57, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá kan wà tó dé 58 tí kò tẹ̀ lé ìlànà náà rárá. Ẹ wo bí ayé ìṣirò ṣe rí! Láti àmì 14 lọ sókè, kọ̀ǹpútà ti wá gbogbo rẹ̀ títí dé àmì 25, tí góńgó rẹ̀ jẹ́ 213, kò sì sí èyí tó borí Wichmann nínú wọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló máa rí títí láé? Ọ̀pọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ni kò tíì sí. Àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Paul Erdős àti Gál, ti fi hàn ní 1948 pé bí ọ̀pá bá ń gùn, tí a bá sọ iye àmì tó kéré jù di ìlọ́po ara rẹ̀ (bíi 10 lọ́nà 10), tí a sì fi gígùn ọ̀pá pín in, èsì náà máa fìdí kalẹ̀ sórí nọ́ńbà kan. Wichmann fi hàn pé nọ́ńbà náà kò ju 3 lọ. Ibi tó dúró sí gan-an ṣì ń jẹ́ ìbéèrè. John Leech, tó jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní 1956. Ṣáájú gbogbo wọn, Henry Dudeney, ẹni tó ń fi ìṣirò pa àlọ́ fún àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kú ní 1930, ti pa àlọ́ kan tó jọ ti ọ̀pá yín: ọ̀pá yáàdì tí ìǹṣì 3 ti kán kúrò lára rẹ̀, tó ku 33, tí àmì rẹ̀ parẹ́ ku 8, síbẹ̀ tó ń wọn láti 1 dé 33. Bí ẹ bá ka etí méjèèjì mọ́ 8 yẹn, 10 náà ni.

Bí ọmọ yín bá lọ wá ọ̀rọ̀ yìí kiri, ó máa bá rúlà Golomb pàdé, kó má ṣe da méjèèjì pọ̀. Golomb kò fẹ́ kí ìwọ̀n kankan fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, kò sì bìkítà bí òmíràn bá sọnù. Tiwa kò fẹ́ kí ọ̀kankan sọnù, ó sì ń gba àṣetúnṣe. Pẹ̀lú àmì 10, èyí tó kúrú jù nínú ti Golomb jẹ́ 55, èyí tó gùn jù nínú tiwa jẹ́ 36.

Ẹ lè béèrè pé ta ni irú ọ̀pá báyìí ń ṣe láǹfààní. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbọ́ ìgbì rédíò láti ojú ọ̀run ni. Wọ́n máa ń to áńténà sórí ìlà kan, ohun tó sì ṣe pàtàkì sí wọn ni bí áńténà kan ṣe jìn sí ìkejì. Áńténà wọ́n. Bí ẹ bá lè to 10 kí gbogbo ìjìnnà láti 1 dé 36 wà nínú wọn, kí lẹ fẹ́ fi 37 ṣe? Alan Moffet kọ̀wé lórí èyí ní 1968, ó sì ní kí wọ́n máa to áńténà kí àṣetúnṣe ìjìnnà kéré bó bá ti lè kéré tó.

Ní ti ọjà yín, n kò ní gbà yín níyànjú láti máa fi ọ̀pá àmì 10 wọn aṣọ fún oníbàárà. Àkọ́kọ́, ẹni tó rí yín tí ẹ fi aṣọ lé ìlà 13, tí ẹ nà án dé 31, tí ẹ ní àbọ̀ yáàdì nìyẹn, á ní ẹ ń rẹ́ òun jẹ, kò sì sí ìṣirò tó lè pẹ̀tù sí i lọ́jọ́ náà. Èkejì ló wúwo jù. Etí ọ̀pá ló ń tètè jẹ, nítorí orí tábìlì là ń gbá a mọ́. Lára ọ̀pá tó ní gbogbo àmì, bí etí bá jẹ, ẹ kàn máa bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 1 ni, 36 nìkan lẹ máa pàdánù. Lára ọ̀pá tiwa, bí etí òsì bá bàjẹ́, ìwọ̀n 6, 13, 20, 27, 31 àti 36 ti bá a lọ, nítorí kò síbòmíràn tí wọ́n wà. Kí káfíńtà fa àmì 37 pé fún èyí tó wà lọ́jà, kí ọmọ yín sì gé alámì 10 tirẹ̀ sílé.

Ó ku ti téèpù. Ìǹṣì 60 ni téèpù ìránṣọ. Àmì 13 kò lè gbé e nítorí 58 ni góńgó rẹ̀, ìǹṣì 2 péré ló fi kù. 14 ló máa gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ta aṣọ fún àwọn tó ń fi mítà béèrè, rúlà mítà kan tí a pín sí sẹ̀ǹtímítà 100 máa gba àmì 17, nítorí 16 kò kọjá 90.